Níbo ni mo ti lè rí ẹyin adìyẹ tó ń jẹ̀ nínú pápá lóòótọ́?

ÌyáMọ́rẹ̀nikẹ́ (Bódìjà, Ìbàdàn)

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. Láti ìgbà tí màmá mi ti wá ń gbé lọ́dọ̀ wa ni wọ́n ti ń béèrè ẹyin adìyẹ ìbílẹ̀. Àwọn ọmọ náà sì fẹ́ràn ẹyin púpọ̀, ni mo bá pinnu pé ẹyin adìyẹ tó ń rìn, tó ń jẹ ewé àti kòkòrò, ni a ó máa jẹ nílé yìí. Mi ò kọ owó rẹ̀, bó bá ṣáà ti jẹ́ òótọ́. Ẹni tí mo lè gbà gbọ́ ni mi ò rí.

Lọ́jà, ìyá kan to ẹyin funfun kéékèèké sínú abọ́, wọ́n ní láti abúlé ni, wọ́n sì gbówó lé e ju ti kíréètì lọ. Mo délé, mo fọ́ ọ, mi ò rí ohun tó fi yàtọ̀ sí ti pọ́tìrì. Mo tún lọ sí ilé ìtajà ńlá kan. Wọ́n kọ "free range" gàdàgbà sára páálí, wọ́n ya àgbébọ̀ sórí koríko tútù, ṣùgbọ́n mo yí páálí náà síwá sẹ́yìn, mi ò rí orúkọ oko kankan, mi ò rí àdírẹ́sì. Ẹ̀yin tí ẹ ń rà á, ọ̀dọ̀ ta lẹ ti ń rà á? Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé adìyẹ náà ń jáde síta?

Àgbẹ̀_Ìsẹ́yìn

Ẹ kú ilé o, ìyá wa. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí adìyẹ ìbílẹ̀ ṣe ń yé, nítorí ibẹ̀ ni àṣírí ọ̀rọ̀ yìí wà. Àgbébọ̀ ìbílẹ̀ kì í yé lójoojúmọ́ láti ọdún dé ọdún. Á yé bíi mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, á sàba lé e fún ọjọ́ 21, á pa á, á wá máa kó òròmọdìyẹ kiri títí wọn á fi lè dá jẹ̀. Ní gbogbo àsìkò yẹn, kò ní yé ẹyọ kan. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀ lọ́dún, bíi ẹyin 40 sí 80 ni ẹ máa rí lára rẹ̀. Léyà, ìyẹn adìyẹ tí wọ́n ń sìn fún ẹyin nínú kéèjì (àgò onírin), ń yé tó 300. Àwọn ìyá wa lábúlé tó ń sin adìyẹ, ọmọ ni wọ́n fẹ́ kó pa, wọn ò fẹ́ ta ẹyin rẹ̀, torí àkùkọ kan péré lásìkò ọdún á mú owó wá ju ẹyin lọ. Ìwọ̀nba tí wọ́n bá sì tà, àwọn oníṣègùn ti máa ń dúró dè é.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní kíréètì ẹyin ìbílẹ̀ mẹ́wàá nílẹ̀ láràárọ̀, ẹ bi í pé adìyẹ mélòó ló ń sìn, ibo ló sì ń sìn ín sí. Èyí tí wọ́n sábà máa ń tà fún yín nígboro gẹ́gẹ́ bí ìbílẹ̀ ni ẹyin léyà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yé, tí ẹyin rẹ̀ ò tíì tóbi, tàbí ẹyin léyà aláwọ̀ funfun. Kíkéré rẹ̀ ló ń tan àwọn oníbàárà jẹ.

Ibi tí èmi ti ń rí ojúlówó ni ọjà ọrọọrún ní àwọn ìlú kéékèèké apá ọ̀dọ̀ wa, láàárọ̀ kùtù. Ẹ máa rí ìyá tó gbé e wá pẹ̀lú ẹ̀fọ́ àti ata tirẹ̀. Ẹyin ọwọ́ ẹnì kan kì í ju mẹ́wàá, méjìlá lọ. Ọ̀kan á tóbi, ọ̀kan á kéré, ọ̀kan á funfun, òmíràn á pọ́n díẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá rí bákan náà, ẹ fura.

DókítàẸran_Ẹ̀gbá (Abẹ́òkúta)

Ẹ̀gbọ́n wa ti là á mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ti iṣẹ́ wa kún un. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi àwọ̀ mọ ẹyin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbára lé e mọ́. Ìran adìyẹ ló ń pinnu àwọ̀ èèpo. Isa Brown, ìran léyà kan, á yé èyí tó pọ́n, ì báà wà nínú kéèjì, ì báà wà nínú igbó. Oúnjẹ ló sì ń pinnu bí inú rẹ̀ ṣe máa pọ́n tó. Adìyẹ tó ń jẹ ewé tútù, pupa ẹyin rẹ̀ á pọ́n dáadáa, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àgbàdo pupa náà ń ṣe é. Òdòdó marigold tí wọ́n lọ̀ kúnná tí wọ́n pò mọ́ fíìdì ń ṣe é. Ata pupa ń ṣe é. Adìyẹ tí oòrùn ò tà sí lára rí lè yé ẹyin tí inú rẹ̀ pọ́n bí epo. Lọ́wọ́ ẹ̀ẹ̀rùn ẹ̀wẹ̀, nígbà tí ewé bá ti gbẹ tán, tí adìyẹ inú pápá sì ń jẹ àgbàdo funfun, inú ẹyin tirẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ máà pọ́n rárá.

Ìyàtọ̀ tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ojú lè rí. Ní Yunifásítì Penn State ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi ẹyin adìyẹ tó ń jẹ̀ nínú pápá wé ti inú kéèjì. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2010 ni pé fítámì E inú ti pápá tó ìlọ́po méjì, ọ̀rá omega-3 rẹ̀ sì ju ìlọ́po méjì lọ. Àwọn onímọ̀ ní Jámánì náà ti rí i pé adìyẹ tó ń yá oòrùn máa ń yé ẹyin tí fítámì D inú rẹ̀ pọ̀ ju ti èyí tí wọ́n sé mọ́lé lọ.

Ẹ má sì rò pé adìyẹ ìbílẹ̀ nìkan ló lè jẹ̀. Noiler, ìran adìyẹ mìíràn, lè jẹ̀. FUNAAB Alpha, tí wọ́n mú jáde ní Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ níbí ní Abẹ́òkúta, lè jẹ̀. Isa Brown pàápàá á tan ilẹ̀ bí ẹ bá tú u sílẹ̀. Màmá yín lè gbà á láìjẹ́ ìbílẹ̀, bí wọ́n bá rí i pé ó ń jáde lóòótọ́.

Pọ́tìrì_Ìjẹ̀bú

Mo bọ̀wọ̀ fún gbogbo yín, ṣùgbọ́n ẹ má ba iṣẹ́ wa jẹ́. Nínú kéèjì, bí adìyẹ bá ti yé, ẹyin á yí bọ́ síwájú, kò ní kan ìgbẹ́, adìyẹ ò ní tẹ̀ ẹ́. Mo ń fún tèmi ní àjẹsára lùkúlùkú lásìkò. Ta ló ń fún ti abúlé? Bí ọyẹ́ bá ti dé, lùkúlùkú á wọ àdúgbò, á gbá gbogbo ọ̀wọ́ adìyẹ lọ tónítóní. Èyí tí àrùn bá fi sílẹ̀, àwòdì á gbé e, tàbí ejò, tàbí olè. Owó àgbàdo àti sóyà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lé wa kúrò lẹ́nu iṣẹ́, síbẹ̀ àwa la ń bọ́ ìlú. Tí gbogbo wa bá tú adìyẹ sílẹ̀, ọmọ òṣìṣẹ́ ò ní rí ẹyin jẹ.

DókítàẸran_Ẹ̀gbá

Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ nípa ìmọ́tótó àti nípa lùkúlùkú. Mo ti rí agboolé tí wọn ò rí adìyẹ kan ṣoṣo tí yóò kọ láàárọ̀ lẹ́yìn tí àrùn yẹn kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ sin adìyẹ ní pápá láìfún un ní àjẹsára kò ṣe adìyẹ náà lóore.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ ti kéèjì náà bó ṣe rí. Ààyè tí adìyẹ kan ní níbẹ̀ kì í tó ojú bébà A4 kan. Kò lè na apá, kò lè yí nínú erùpẹ̀, kò lè gun igi sùn, kò ní ibi ìkọ̀kọ̀ tó lè yé sí, bẹ́ẹ̀ ohun tí àgbébọ̀ máa ń wá kiri nìyẹn bó bá fẹ́ yé. Egungun rẹ̀ a máa fúyẹ́ nítorí àìrìn. Mo ti gbé èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ parí jáde nínú kéèjì, tí egungun apá rẹ̀ sì ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ bó ti wù kí n rọra tó.

Tùndé_Houston

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a wà ní Amẹ́ríkà náà. Níbí, ọ̀rọ̀ tó wà lára páálí pọ̀ ju ẹyin inú rẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ti kà nínú òfin àti ìlànà wọn.

"Cage-free": kò sí nínú kéèjì, ṣùgbọ́n ó lè má kúrò nínú ilé ńlá kan títí tí wọ́n á fi pa á, òun àti ọ̀kẹ́ àìmọye. "Free-range": wọ́n gbọ́dọ̀ ṣí ọ̀nà ìta sílẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n ìjọba ò sọ bí ìta náà ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó. Àwọn tó ń fún oko ní èdìdì Certified Humane ní kí ó tó ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 2 fún adìyẹ kan. Fún "pasture-raised", ìyẹn èyí tí wọ́n sìn nínú pápá, èdìdì yẹn kan náà béèrè 108, kí wọ́n máa ṣí adìyẹ kúrò láti apá pápá kan sí òmíràn, kí ó sì wà níta fún ó kéré tán wákàtí 6 lóòjọ́ bí ojú ọjọ́ bá gbà. Ẹ ò rí i pé 2 àti 108 kì í ṣe ẹgbẹ́. Bí "pasture-raised" bá wà lára páálí láìsí èdìdì ẹnikẹ́ni tó lọ wo oko náà, ẹnu olóko nìkan lẹ gbọ́ yẹn.

"Natural" kò sọ nǹkan kan nípa bí adìyẹ ṣe ń gbé. "No hormones" náà ńkọ́? Òfin ti ka fífún adìyẹ ní hómónù léèwọ̀ ní Amẹ́ríkà, nítorí náà gbogbo ẹyin ló lè kọ ọ́. Èyí tó ń bí mi nínú jù ni "vegetarian-fed". Adìyẹ tó bá wà nínú pápá á jẹ ekòló, á jẹ tata, á lé aláǹgbá. Tí ẹ bá ti rí i pé wọ́n fi ewébẹ̀ nìkan yangàn, ẹ mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kó máà tẹ ilẹ̀ rí.

Ibi tí èmi ti ń rà á ni ọjà àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ń pa ní Sátidé. Mo máa ń bi wọ́n pé ìgbà wo ni mo lè wá wo oko. Ẹni tó bá ti ń yí ọ̀rọ̀ po, mo ti kúrò níwájú rẹ̀.

Àbẹ̀ní_Peckham

Ti àwa ní UK rọrùn díẹ̀ torí òǹtẹ̀ wà lára ẹyin fúnra rẹ̀. Nọ́ńbà tó ṣáájú ni kí ẹ wò: 0 ni organic, 1 ni free range, 2 ni èyí tó wà nínú ilé láìsí kéèjì, 3 ni ti kéèjì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni UK, lẹ́yìn náà ni nọ́ńbà tó ń tọ́ka sí oko. Fún 1, hẹ́kítà kan kò gbọdọ̀ gbà ju adìyẹ 2,500 lọ, ìyẹn mítà onígun mẹ́rin 4 fún ẹyọ kan. Àmì kìnnìún pupa tí ẹ ń rí, ti àjẹsára salmonella ni, kò sọ fún yín pé adìyẹ ń jáde. Ọ̀pọ̀ àwọn ìyá wa níbí ni wọ́n rò pé ohun kan náà ni.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí ẹ mọ̀. Bí bird flu bá dé, ìjọba máa ń pàṣẹ kí wọ́n ti gbogbo adìyẹ mọ́lé. Tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá tì í mọ́lé kọjá ọ̀sẹ̀ 16, wọn ò lè pe ẹyin rẹ̀ ní free range mọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹta 2022 nìyẹn, tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí pé ti inú ilé ni. Ní England, wọ́n ti yí òfin yẹn padà ní 2025. Nísinsìnyí, ì báà pẹ́ tó bó ti wù kó pẹ́ tí àṣẹ náà fi wà nílẹ̀, orúkọ free range ṣì máa wà lára rẹ̀. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀bi àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ń sanwó nítorí ìta, mo fẹ́ kí wọ́n sọ fún mi nígbà tí kò sí ìta.

Àdùkẹ́_Múṣin

Ẹ gbà mí láyè kí n béèrè nǹkan kan. Gbogbo wa ń sọ pé kó jáde, kó jẹ̀ káàkiri. Ibo ló ń jẹ̀? Ní àdúgbò wa, adìyẹ ń jáde láàárọ̀, orí ààtàn ló ń lọ tààrà, níbi tí wọ́n ti ń sun rọ́bà àti wáyà. Ní 2019, àwọn olùwádìí gbé èsì àyẹ̀wò ẹyin adìyẹ tó ń jẹ̀ ní Agbogbloshie jáde, ní Accra, níbi tí wọ́n ti ń jó àwọn ẹ̀rọ àlòkù nígbà náà. Májèlé dioxin tí wọ́n bá nínú rẹ̀ pọ̀ kọjá àlà. Adìyẹ yẹn wà níta láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀ o. Ohun tó wà nínú ilẹ̀ ló ń ṣà jẹ, inú ẹyin ló sì ń kó o sí. Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹyin adìyẹ ìgboro nítorí pé ó rí i tó ń rìn, kí ó wo ohun tó ń ṣà jẹ.

Àgbẹ̀_Ìsẹ́yìn

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀rọ̀ yẹn ló yẹ kó ṣáájú gbogbo ohun tí mo sọ.

ÌyáMọ́rẹ̀nikẹ́

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ọ̀rẹ́ mi kan júwe bàbá kan fún mi lọ́nà Mọ́níyà, òun àti ìyàwó rẹ̀ jọ ń sin adìyẹ, wọ́n ní kí n máa bọ̀ lọ́jọ́ tó bá wù mí. Kí ni kí n wò? Kí ni kí n bi wọ́n?

DókítàẸran_Ẹ̀gbá

Pé wọ́n ní lọ́jọ́ tó bá wù yín dára. Ẹ lọ ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ tàbí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, torí bí oòrùn bá ti mú, abẹ́ igi ni gbogbo wọn máa wà. Ẹ wo ilẹ̀ kí ẹ tó wo adìyẹ. Níbi tí adìyẹ bá ti ń jẹ̀, ẹnu ọ̀nà ilé wọn á ti pá, ilẹ̀ á ti ní kòtò kéékèèké tí wọ́n ti ń yí nínú erùpẹ̀, ìyẹ́ àti ìgbẹ́ á sì wà jìnnà sí ilé. Bí koríko bá tutù minijọ láti ẹnu ọ̀nà lọ, wọn kì í jáde. Ẹ wo àgógó wọn bóyá wọ́n gé e. Ẹ bi wọ́n nípa àjẹsára, ẹ bi wọ́n nípa ohun tí wọ́n ń fi kún jíjẹ̀, nítorí kò sí àgbébọ̀ tó lè yé dáadáa lórí koríko nìkan. Ẹ wá bi wọ́n pé bí wọ́n bá fún adìyẹ ní oògùn, kí ni wọ́n ń fi ẹyin rẹ̀ ṣe. Ẹ fetí sí ìdáhùn yẹn dáadáa.

ÌyáMọ́rẹ̀nikẹ́

Mo ti lọ, mo ti bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn.

Ọgbà ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti wà tán ni, máńgòrò mẹ́ta wà láàárín rẹ̀. Iwájú ilé adìyẹ pá bí Dókítà ṣe sọ, lẹ́yìn náà ni koríko bẹ̀rẹ̀, àwọ̀n sì pín in sí ọ̀nà mẹ́rin. Apá kan ni wọ́n ṣí sílẹ̀, mẹ́ta yòókù ń sinmi kí koríko lè hù padà. Noiler ló pọ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú ìbílẹ̀ díẹ̀. Abẹ́ máńgòrò ni mo dúró sí tí àgbébọ̀ kan ń tan ewé gbígbẹ. Ó tàn án, ó sún sẹ́yìn, ó fi ojú kan wo ilẹ̀, ó sọ àgógó sí i, ó fa ekòló gígùn kan yọ. Kò tíì gbé e mì tí àwọn yòókù fi gbá tọ̀ ọ́, ó sáré wọ inú igbó, gbogbo wọn sì lé e. Màmá mi rẹ́rìn-ín títí. Kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n gé lójú, tí wọ́n da ìyẹ̀fun pákó sí, ni wọ́n ń yé sí. Ìyàwó bàbá ń kó o lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ kó má baà dọ̀tí.

Mo wá béèrè ti oògùn. Bàbá ò dáhùn, ó ní kí n tẹ̀ lé òun. Ó mú mi lọ sẹ́yìn, ọ̀wọ́ adìyẹ kan wà níbẹ̀ lọ́tọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ́jú. Ó ní wọn ò ní ta ẹyin ti ibẹ̀ títí ọjọ́ tí wọ́n kọ sára oògùn náà á fi pé. Inú kòtò ni wọ́n ń fọ́ ọ sí, mo sì rí èèpo rẹ̀ níbẹ̀. Ìyàwó ẹ̀ sọ iye tí wọ́n ń pàdánù lóòjọ́ lórí rẹ̀, owó gidi ni. Lẹ́yìn èyí, mi ò ná ẹyin mọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti pọ́tìrì, mo sì san án.

Pọ́tìrì_Ìjẹ̀bú

Ẹ kú àbọ̀, mà. Ẹni tó ń da ẹyin olóògùn nù, mo kan sáárá sí i. Àwa kan ń ṣe é, àwọn kan kì í ṣe é, kò sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, Dókítà, 108 tí arákùnrin Houston sọ yẹn, báwo ló ṣe máa rí lórí ilẹ̀ tiwa?

DókítàẸran_Ẹ̀gbá

Pílọ́ọ̀tì tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, adìyẹ 66 àti díẹ̀ ló máa gbà lórí ìṣirò yẹn. Bí ẹ bá ní 2,000, pílọ́ọ̀tì 30 lẹ máa nílò.

Pọ́tìrì_Ìjẹ̀bú

Ó ti yé mi ìdí tí owó rẹ̀ fi wọ́n. Mo ní pílọ́ọ̀tì méjì tó wà lásán lẹ́yìn ilé pọ́tìrì mi. Mo lè fi 100 dán an wò. Mà, irú àwọ̀n wo ni bàbá yẹn lò, ó sì ga tó kí ni?

ÌyáMọ́rẹ̀nikẹ́

Àwọ̀n onírin ló wà ní ìta, ó ga jù mí lọ. Ti inú tó fi ń pín pápá, àwọ̀n ọ̀rá ni, igi ló fi mú un dúró kó lè ṣeé ṣí kiri. Ó ní Noiler ò fi bẹ́ẹ̀ fò, ìbílẹ̀ ló ń yọ òun lẹ́nu, ó sì máa ń gé ìyẹ́ apá kan fún àwọn tó bá ń fò jáde. Màá bá yín béèrè bóyá ẹ lè wá wò ó.

Ẹ̀yin ará Bódìjà, Agbowó àti Sángo, bàbá ní tí a bá lè kó kíréètì mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan, òun á máa gbé e wá fúnra òun ní ọjọ́ Jímọ̀ọ̀. Àwa mẹ́rin ti wà nílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí ó kọ iye tó ń fẹ́ sábẹ́ ibí.

Àgbẹ̀_Ìsẹ́yìn

Bí ẹ bá gbà á, ẹ má fọ̀ ọ́ kí ẹ tó tọ́jú rẹ̀, torí omi á fọ ohun tó bo èèpo rẹ̀ kúrò, ìdọ̀tí á sì ráyè wọlé. Ibi tó tutù ni kí ẹ gbé e sí, kí orí tó ṣóńṣó wà nísàlẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ sè é ni kí ẹ fọ̀ ọ́. Kí ẹ sì dá kíréètì padà fún bàbá o, ó ti wọ́n.

Fọláṣadé_Sángo

Ẹ kọ kíréètì méjì sílẹ̀ fún mi, mà.